Ìbọn Ṣakabùlà Ilé Wa: Ta Ni Ó Rọ Ọ́?

Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tí ó wà ní Sabon Gari, Kánò, ni ó jẹ́ pé bí a bá béèrè ohun tí ó kù nínú ẹrù bàbá ńlá wọn ní ilé, ìyẹn ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Iléṣà, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, a kò ní pẹ́ kí a tó gbọ́ nípa ìbọn kan. Ó lè wà lókè àjà, ó lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyẹ̀wù, ó sì lè jẹ́ ojúbọ Ògún ni wọ́n gbé e tì sí. Ó ti dípẹtà, ikán ti jẹ igi rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó rántí ìgbà tí ó dún kẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Kánò a máa rí i nígbà tí a bá kó wọn lọ sílé fún ọdún, wọn a sì béèrè pé, "Ta ni ó ṣe é?" Èsì tí wọ́n sábà máa ń gbà ni pé, "Òyìnbó ni." Ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀.

Àwa kò gbà pé ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi bẹ àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí pé kí wọ́n fún wa ní àyè díẹ̀ lọ́dún yìí láti sọ ìtàn ìbọn ṣakabùlà: ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ọwọ́ tí ó kàn án, àti ohun tí ó yẹ kí ọmọlójú wò lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é fi falẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn baban bola tí ń ti ọmọlanke kiri Sabon Gari, tí wọ́n ń ra irin àlòkù. Irú wọn pọ̀ nílé náà, bí ọmọ kékeré kan bá sì ṣe ń wá owó ìpápánu báyìí, ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún lè di ohun tí a gbé lé òṣùwọ̀n. Àwa tí a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ìjọba mọ̀ bí fáìlì ṣe ń sọnù. Kì í ṣe olè ni ó ń gbé e lọ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń fi dáná.

Kí a tó dé ilé, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya Amẹ́ríkà, nítorí ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò là wá lójú sí ìbọn tiwa. Àwọn ẹ̀yà kan wà láàrin àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Cherokee. Ní ọdún 1838, ìjọba Amẹ́ríkà fi sójà lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, wọ́n rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì kú lójú ọ̀nà. Àwọn díẹ̀ ni ó kù sí orí òkè ní North Carolina, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Qualla. Ní ọdún 1848, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Charles Lanman, rin ìrìn àjò gba ibẹ̀ kọjá, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1849. Ó sọ pé òun bá alágbẹ̀dẹ kan pàdé láàrin wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Salola, èyí tí ó túmọ̀ sí ọ̀kẹ́rẹ́ ní èdè wọn. Salola yìí ni ó ń rọ àáké àti ohun ìtúlẹ̀ fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ya Lanman lẹ́nu ni pé ọkùnrin náà ń ṣe ìbọn, gígùn àti kékeré, ó ń gbẹ́ igi rẹ̀, ó ń rọ ọ̀pá irin rẹ̀, ó sì ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣá iná rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Wọ́n sọ fún un pé kò tíì sí onílẹ̀ Amẹ́ríkà mìíràn tí a mọ̀ tí ó dá odidi ìbọn ṣe rí.

Nínú ẹ̀yà yìí kan náà ni Sequoyah ti jáde, òun náà alágbẹ̀dẹ fàdákà, tí kò mọ̀wé òyìnbó, ṣùgbọ́n tí ó ṣe àmì ìkọ̀wé fún èdè Cherokee parí ní 1821. Ọdún 1821 yìí náà ni wọ́n kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣòògùn, ẹni tí ó padà wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí ó kọ èdè tiwa sílẹ̀. Èyí jẹ́ àfikún lásán, ṣùgbọ́n inú wa kì í dùn kí a fo ó.

Ẹ wo bí Lanman ṣe ka iṣẹ́ Salola: igi, ọ̀pá irin, ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí a bá ń béèrè pé ta ni ó ṣe ìbọn kan, ìbéèrè mẹ́ta ni a ń bi léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Igi kò ṣòro, ẹni tí ó lè gbẹ́ ìdí ọkọ́ lè gbẹ́ ìdí ìbọn. Ọ̀pá irin ṣòro gidigidi, nítorí pé bí ó bá ní àbùkù, ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni yóò bẹ́ sí. Ẹ̀rọ tí ń ṣá iná ni ó sì ṣòro jù lọ, nítorí sípíríǹgì tí ó wà nínú rẹ̀. Ìbọn kan náà lè ní ọ̀pá láti Bẹ́líjíọ̀mù, ẹ̀rọ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti igi láti igbó Ìjẹ̀ṣà. Ta wá ni ó ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn ọmọ wa rò pé bí ti inú sinimá ni. Ṣakabùlà kì í jẹ kátíríìjì. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki í. A ó da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, a ó fi èkísà dí i, a ó fi ọ̀pá tín-ín-rín gún un wọlé dáadáa, a ó wá ju ọta sí i, a ó tún fi èkísà dí i kí ọta má baà yọ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni a ó da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí irin náà. Bí a bá fi ìka fà á, sípíríǹgì a ju òkúta ìbọn síwájú, òkúta a gbá irin, iná a ṣẹ́ sínú àwo, a gba ihò bíńtín wọ inú, ìbọn a sì dún. Bí ìrì tàbí òjò bá ti kan ẹ̀tù inú àwo náà, iná yóò kọ̀. Ẹ̀tù fúnra rẹ̀, ohun mẹ́ta ni: èédú, imí ọjọ́, àti iyọ̀ kan tí òyìnbó ń pè ní saltpetre. Iyọ̀ yìí ni ó pọ̀ jù, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ọmọ ogun tí ó bá ti yìnbọn tán ní láti padà sẹ́yìn kí ó tó tún ki òmíràn. Nítorí náà ni àwọn jagunjagun wa ṣe máa ń lọ síwájú ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, tí àwọn kan yóò yìn, tí wọn yóò fà sẹ́yìn, tí àwọn mìíràn yóò sì bọ́ síwájú. Wọn kì í sì í sábà gbé e sí èjìká bí sójà òyìnbó. Wọn a nà án síwájú, jìnnà sí ojú. Àwọn òyìnbó kan fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọn kò mọ ìbọn lò. Lójú tiwa, ọgbọ́n ni. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀tù tí òun dà pọ̀, tí ó sì mọ̀ pé ìbọn ọjà ni òun rà, kò ní gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ìbọn ọjà ni lóòótọ́. Àwọn ará Potogí ni wọ́n kọ́kọ́ mú ìbọn dé etíkun wa, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ti rí àwòrán àwọn iṣẹ́ idẹ Bìní yóò ti rí ará Potogí tí ó di ìbọn mú lára wọn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ará Họ́láńdì, ti Denmark àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí àwọn ará Denmark yìí ni òyìnbó fi ń pe ṣakabùlà ní Dane gun títí di òní. Nígbà tí ó yá, ìlú méjì ni ó gba iṣẹ́ náà: Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́líjíọ̀mù. Wọ́n ń rọ ìbọn olówó pọ́ọ́kú fún ọjà Áfíríkà, wọ́n ń fi ìbọn àti ẹ̀tù ra ènìyàn, nígbà tí òwò ẹrú sì dópin, wọ́n ń fi í ra epo pupa. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ìbọn tí ó wà nínú ilé bàbá wa lè jẹ́ pé ènìyàn ni wọ́n fi rà á.

Ọ̀yọ́ Ilé kò fi ìbọn jọba. Ẹṣin, ọ̀kọ̀ àti ọfà ni agbára rẹ̀. Ogun Òwu, láàrin ọdún 1820 sí 1830, ni ogun tí ìbọn ti kọ́kọ́ fi ara hàn gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà pàtàkì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú, tí wọ́n sún mọ́ etíkun, ni wọ́n ní i lọ́wọ́, àwọn ará Òwu sì kọjú sí wọn pẹ̀lú àgédéńgbé, ìyẹn idà gígùn wọn. Lẹ́yìn tí Òwu ti tú, tí Ọ̀yọ́ Ilé náà tú, tí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjàyè dìde, kò sí ìlú tí ó lè dúró láìní ìbọn. Láti ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ẹni tí ó bá di ọ̀nà etíkun mú ni ó di ẹ̀tù mú. Ìbàdàn lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò ní etíkun, bí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú bá sì ti ti ọ̀nà, ẹ̀tù di góòlù. Ọ̀pọ̀ ìjà tí a rò pé oyè tàbí ìgbéraga ni ó fà á, bí a bá wá ìdí rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ẹ̀tù yóò jáde níbẹ̀.

Ibí yìí ni alágbẹ̀dẹ ti wọlé. A kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìbọn tí wọ́n fi ja ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láti òkè òkun ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í dúró bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Igi rẹ̀ a ya, òkúta a jẹ, sípíríǹgì a kú, ihò iná a fẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò gbé e padà lọ sí Birmingham. Ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n ń gbé e lọ. Alágbẹ̀dẹ ni ó ń tún un ṣe, òun ni ó ń fi irin rọ ọta nígbà tí òjé bá wọ́n, òun ni ó ń yọ apá ibi tí ó dára lára ìbọn méjì tí ó ti bàjẹ́ láti fi to ẹyọ kan tí ń dún. Ẹni tí ó bá ń tú ìbọn tí ó sì ń tò ó fún ogún ọdún kò ní pẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ilé ìwé gíga ni ilé àgbẹ̀dẹ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí.

Irin fúnra rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Àwọn baba wa ń yọ́ irin láti inú òkúta kí òyìnbó tó dé, ní ọdún 1904 pàápàá, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Bellamy kọ̀wé nípa abúlé kan nítòsí Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ẹ̀wìrì, owú, ẹ̀mú àti èédú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ìṣòro sípíríǹgì ni pé kì í ṣe gbogbo irin ni ó ń ta padà. Irin tí ó rọ̀ yóò tẹ̀, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀. Irin tí ó le jù yóò ṣẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń mú un gbóná, ó ní bí wọ́n ṣe ń rì í kó tutù, ó sì tún ní bí wọ́n ṣe ń dá a padà sí iná díẹ̀ kí líle rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Àwọ̀ irin nínú iná ni alágbẹ̀dẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Ojú ni ó fi ń ka ohun tí àwọn tí ó kàwé ń fi ẹ̀rọ kà.

Ogun tí ó fi ìyàtọ̀ ìbọn sí ìbọn hàn kedere ni ogun Kírìjì. Ní 1877 ni Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kọjú ìjà sí Ẹ̀gbá nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí. Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì para pọ̀. Nígbà tí ó yá, Ògèdèǹgbé Iléṣà di olórí ogun wọn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ogun náà fi wà nílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú ìró ìbọn tí ń dún láàrin àwọn òkè náà. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pè é ní Èkìtìparapọ̀, wọ́n dáwó, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí a ń ki láti ìdí, tí ń jẹ kátíríìjì, bíi Snider. Ìbọn yìí ń lọ jìnnà ju ṣakabùlà lọ, ẹni tí ó dì í mú kò sì ní láti padà sẹ́yìn kí ó tó tún un ki. Ìbàdàn, tí ọ̀nà etíkun ti dí mọ́, fojú winá rẹ̀. Ó pẹ́ kí àwọn náà tó rí irú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sinmi díẹ̀ sí orí ẹgbẹ́ yẹn, nítorí pé ó kàn wá. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n wà ní ìdálẹ̀ ni wọ́n, bí àwa tí a wà ní Kánò. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n dá owó, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tí owó náà rà ni ó yàtọ̀ sí ti kíláàsì ilé ìwé àti kànga ìgbàlódé tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń rà lónìí. A kò dá wọn lẹ́bi, ìlú wọn wà nínú ìgbèkùn. Ṣùgbọ́n ìbọn náà mú kí ogun pẹ́ sí i, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó mú kí ṣakabùlà di ohun àtijọ́ lójú ogun. Alágbẹ̀dẹ lè tún ṣakabùlà ṣe, ṣùgbọ́n kò lè rọ kátíríìjì. Láti ọjọ́ tí ìbọn kátíríìjì ti wọlé ni agbára ti ń kúrò lọ́wọ́ ilé àgbẹ̀dẹ, tí ó ń lọ sọ́wọ́ ẹni tí ó ní ilé ìtajà létíkun. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó kọ ìtàn Yorùbá, wà lára àwọn tí ń rìn láàrin àwọn ibùdó méjèèjì láti pẹ̀tù sí i. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá.

Ọkùnrin kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó rí ìṣòro yìí tí ó sì gbìyànjú láti borí rẹ̀. Samori Touré ni, tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ibi tí ó di Guinea, Mali àti Côte d'Ivoire lónìí. Ó kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún alágbẹ̀dẹ jọ, ó ní kí wọ́n wo ìbọn àwọn ará Faransé kí wọ́n sì rọ irú rẹ̀, wọ́n sì rọ ọ́, ti kátíríìjì ni o, kì í ṣe ṣakabùlà. Owú àti iná ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn ará Faransé mú un ní 1898, ó sì kú ní ìgbèkùn ní Gabon ní 1900. Bí àwọn kan bá ń sọ pé adúláwọ̀ kò lè ṣe ẹ̀rọ, ẹ sọ ti àwọn alágbẹ̀dẹ Samori fún wọn.

Àwọn òyìnbó mọ ohun tí ó lè ti inú irú èyí jáde. Ní 1890 wọ́n ṣe ìpàdé ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n má ṣe ta ìbọn ìgbàlódé fún àwọn adúláwọ̀ mọ́. Ìbọn olókùúta nìkan ni kí wọ́n máa rà. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ dá dúró, a kò sì jiyàn pé ìyẹn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì lẹ́yìn ìpàdé náà, ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn Maxim lọ sí Ìjẹ̀bú, ogun Ìmàgbọn sì parí kíákíá. Oṣù kejì ọdún 1903 ni wọ́n fi irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ wọ Kánò yìí. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù nínú ilé wa. Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ èyí tí ó sàn. Òun ni wọ́n gbà kí wọ́n ní.

Nígbà tí ogun tán, ìbọn di ti ọdẹ àti ti àgbẹ̀. Ó jọni lójú pé ìgbà yìí gan-an, tí kò sí ogun mọ́, ni alágbẹ̀dẹ wa wá di ẹni tí ń ṣe odidi ìbọn. Ohun tí ó ṣí ọ̀nà fún un ni páìpù. Páìpù omi àti irin ara mọ́tò tí ó ti bàjẹ́ fún un ní ọ̀pá tí ó ti dọ́gba láti inú wá, tí kò sí pé à ń ká irin à ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó dí ìdí rẹ̀ pa, ó lu ihò iná sí i, ó fi ayùn àti fáìlì àlòkù ṣe ẹ̀rọ, ó gbẹ́ igi, ó parí. Nígbà tí òkúta ìbọn wọ́n, wọ́n yí ẹ̀rọ náà padà sí oníkápù. Àwọn ará Awka, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wọn jẹ́ aládùúgbò wa ní Sabon Gari yìí, gbajúmọ̀ gidigidi nínú iṣẹ́ yìí kan náà. Ìbọn irú èyí kò ní orúkọ òyìnbó kankan lára. Tiwa ni, láti igi dé irin dé ẹ̀rọ, bí ti Salola.

Òun ni ó ń dún níbi ìsìnkú ọdẹ, nígbà tí wọ́n bá ń sun ìrèmọ̀jé. Òun náà ni àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà gbé ní 1968 sí 1969, nígbà tí wọ́n ní àwọn kò lè san owó orí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bù lé wọn. Àwọn ọlọ́pàá ní ìbọn ìgbàlódé, àwọn àgbẹ̀ ní ṣakabùlà àti ìgboyà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Tàfá Adéoyè ni aṣáájú wọn. Ìjọba dín owó orí náà kù. Ẹ̀mí ṣòfò níhà méjèèjì, nítorí náà àwa kì í fi yangàn.

Àwọn tí a bí sí Kánò lè sọ pé gbogbo èyí jìnnà sí àwọn. Kò jìnnà rárá. Ìtàn ìlú Kánò fúnra rẹ̀ sọ pé alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ Kano, ọmọ Gaya, tí ó wá irin àti èédú dé orí òkè Dala, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú. Láti inú ìwé ìtàn àwọn ọba wọn ni a ti kà pé àlejò ńlá kan láti Bornu mú ìbọn wọ ilẹ̀ yìí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ẹṣin, ìlù àti kàkàkí. Bindiga ni wọ́n ń pè é, láti inú èdè Lárúbáwá. Nígbà tí reluwé dé Kánò ní 1911, tí wọ́n sì pín Sabon Gari fún àwa àlejò, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ni àwọn baba wa wá bá. Àwọn tí ó dàgbà sí Yoruba Road tàbí Aitken Road yóò rántí ìró tí a máa ń gbọ́ nígbà ọdún Sallah, nígbà tí àwọn oníbọn bá ń yìn ín níwájú Emir tí ó ń ti kídì bọ̀. Ṣakabùlà náà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí síhìn-ín, ẹnu àwọn Hausa ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ bí ìbọn baba wọn ṣe ń dún.

Ó wá ku ti ìbọn tí ó wà nílé. Ohun kìíní: ẹ má ṣe gbé e wá sí Kánò, ẹ má sì ṣe gbé e wọ mọ́tò lọ síbikíbi. Òfin ohun ìjà ti 1959 ka ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti oníkápù sí ìsọ̀rí kan ṣoṣo, ẹni tí ó bá ní i gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Bí ó ti gbó tó kò yọ ọ́ kúrò nínú òfin. Kí olórí ẹbí lọ béèrè ohun tí ó yẹ ní tésàn ọlọ́pàá tí ó sún mọ́ wọn, kí ó lọ lọ́wọ́ òfo, láì gbé ìbọn náà dání. Ohun kejì: ẹ má ṣe wo ẹnu rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n gbé ti ògiri ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn lè ní ẹ̀tù nínú síbẹ̀. Ẹ má ṣe sún iná mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan án.

Bí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó sì sọ pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, kí a rọra fi aṣọ gbígbẹ nu ara irin rẹ̀. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ náà TOWER àti adé lára ẹ̀rọ, ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a kọjú sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Liège náà a máa fi àmì yìí tan ènìyàn. Bí a bá rí lẹ́tà ELG nínú àmì tí ó rí bí ẹyin lára ọ̀pá irin, Liège ni. Bí adé bá wà lórí ẹyin náà, a jẹ́ pé ó di 1893 kí wọ́n tó lu àmì náà sí i, kò sì lè jẹ́ pé òun ni bàbá ńlá gbé lọ sí Kírìjì ní 1880, ohun yòówù tí ẹbí ìbáà máa sọ. Bí kò bá sí àmì kankan, tí ọ̀pá irin náà sì dọ́gba bíi páìpù láti òkè dé ilẹ̀, alágbẹ̀dẹ wa ni kí a wá lọ. Kí a wo ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí a wo ọ̀pá rẹ̀ lọ́tọ̀, kí a wo igi rẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí ohun tí a ti sọ.

Lẹ́yìn náà ni kí a jókòó ti àgbàlagbà tí ó kù nínú ilé. Kí a béèrè orúkọ ẹni tí ó ni ín, ilé àgbẹ̀dẹ tí wọ́n ń gbé e lọ, àti oríkì ìdílé alágbẹ̀dẹ náà. Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí a béèrè rẹ̀, kí a ya fọ́tò ìbọn náà níbi tí ó wà, kí a sì fi ẹ̀dà kan fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ìpàdé tí ó tẹ̀lé ọdún tó bẹ̀rẹ̀. A ti ní kí ó ra fáìlì tuntun sílẹ̀.